Sinimá aago mọ́kànlá ààbọ̀ ní Maratha Mandir

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń bọ̀ ní Mumbai, ní Íńdíà, nítorí ilé ìwòsàn, bí àwa náà ṣe wá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa wúlò fún yín. Ilé sinimá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Maratha Mandir. Kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Mumbai Central, ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ìjọba tó ń lọ sí àwọn ìlú mìíràn ti ń gbéra náà wà nítòsí rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1995 ni wọ́n ti ń fi fíìmù kan náà hàn níbẹ̀, aago mọ́kànlá ààbọ̀ òwúrọ̀ sì ni àkókò rẹ̀ báyìí. Ẹ má rò pé mo ṣi ọdún kọ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tí fíìmù yẹn jáde ti lè máa gbé ọmọ tirẹ̀ pọ̀n báyìí. Dilwale Dulhania Le Jayenge ni orúkọ rẹ̀. Àwọn onílùú gan-an kì í pè é tán, DDLJ ni wọ́n ń pè é. Owó ìwọlé kò tó dọ́là kan.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ta fíìmù ní Ìdúmọ̀tà. Káséètì fídíò ni mo bá lórí igbá, mo tà á títí ó fi di VCD, mo kó ẹrù mi kúrò nígbà tí àwọn aṣayédèrú ti ń gbé fíìmù wa sí títì kí páálí tiwa tó dé ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, tí mo bá wọ ilé sinimá, ojú mi kì í kọ́kọ́ lọ síbi àwòrán. Á lọ sí ìlà tíkẹ́ẹ̀tì, á lọ sí àga tó ṣófo, n ó sì ti máa ṣírò. Ẹ foríjì mí, àrùn iṣẹ́ ni.

Bọ̀dá mi ló yẹ kó kọ èyí, torí òun ló kọ́ mi ní fíìmù Íńdíà. Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun mẹ́rìndínlógún, ní Ìbàdàn, nítòsí Sábó. Ó máa ń fi owó tó bá rí níbi tó ti ń bá àwọn kan fọ ọkọ̀ san tirẹ̀ àti tèmi. A ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, bí ìyá bá ń sunkún lójú àwòrán, àwa náà á bú sẹ́kún. Tí a bá délé, a ó máa kọ orin wọn, àwa fúnra wa la ń ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ìyá wa á yọjú láti ilé ìdáná pé, "Èdè ta lẹ ń sọ yẹn?" Àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì ló kọ́kọ́ ń kó fíìmù wọ̀nyẹn wọ Nàìjíríà ní bíi ọdún 1950 sókè. Lọ́dọ̀ àwọn Hausa ló ti ràn jù, Mother India, tó jáde ní 1957, kò kúrò lójú àwòrán wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Ìbàdàn náà kò gbẹ́yìn.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, orúnkún Bọ̀dá mi ló gbé wa dé Mumbai. Wọ́n gé èyí tó ti jẹ dànù, wọ́n fi irin sí i. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dùbúlẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Àbúrò, àwa méjèèjì ò lè wá sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù Íńdíà ká máa wo ògiri. Lọ wò ó wá, kí o sì wá ròyìn fún mi." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni máa fi tì yín?" Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń bá àwa àlejò ilé ìwòsàn náà túmọ̀ èdè. Àǹtí ló ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ṣùúrùlérè, mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n kọ́ ọ níbi iṣẹ́ ni, àṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó jù wọ́n lọ níbẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé tí mo bá fẹ́ wo fíìmù elédè Hindi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Mumbai, Maratha Mandir ni kí n lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a lọ, nítorí ọjọ́ náà ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́.

Ilé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ayé àtijọ́. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1958. Ojú àwòrán kan ṣoṣo ló ní, àga tó tó bí ẹgbẹ̀rún kan, ìsàlẹ̀ àti bálíkónì. Ní ọdún 1960, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi Mughal-e-Azam hàn, fíìmù tí K. Asif fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nípa ọmọ ọba tó fẹ́ràn oníjó ààfin. Orí erin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n gbé róòlù fíìmù náà lé dé ẹnu ọ̀nà. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo títì, mo ń wá ibi tí erin á ti gbà yà wọlé. A tiẹ̀ rò pé àwa mọ ìpolówó ní Ìdúmọ̀tà! Lórí ọkọ̀ akẹ́rù la máa ń gbé gbohùngbohùn sí, a ó gbé òṣèré kan tàbí méjì sẹ́yìn, a ó máa yí Èkó ká. Kò sẹ́ni tó ronú kan erin nínú wa.

Mo gba bálíkónì. Nígbà tí iná kú, orin orílẹ̀-èdè wọn kọ́kọ́ dún, gbogbo ilé dìde dúró, èmi náà dìde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ilé sinimá ìpínlẹ̀ Maharashtra, tí Mumbai wà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹyẹlé fò sójú àwòrán ní Trafalgar Square, tí bàbá kan ń fún wọn ní oúnjẹ, tó ń ronú ilé. Ọmọ Punjab, ní Íńdíà, ni bàbá náà, ó ti ń ṣòwò ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì tíì dé ibẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ bàbá yẹn. Ó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ta gàrí àti èlùbọ́, ọdọọdún ló ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ lòun máa padà sílé.

Ìtàn náà kò le. Ọmọbìnrin bàbá yìí, Simran, bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rin ìrìn àjò kiri Yúróòpù kó tó lọ fẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tí kò rí rí. Ó pàdé Raj, ọmọ olówó aláwàdà kan tí kò yege nílé ìwé, tí bàbá rẹ̀ sì ń yọ̀ mọ́ ọn síbẹ̀. Kajol ló ṣe Simran, Shah Rukh Khan ló ṣe Raj. Nígbà tí bàbá gbọ́ sí i, ó kó gbogbo ilé rẹ̀ padà sí Punjab fún ìgbéyàwó. Raj tẹ̀ lé wọn. Ibi tí fíìmù yìí ti yà kúrò lọ́nà àwọn yòókù nìyí: ìyá ọmọ fi wúrà rẹ̀ lé Raj lọ́wọ́, ó ní kó gbé ọmọ òun sá lọ. Raj kọ̀. Ó ní láti ọwọ́ bàbá rẹ̀ lòun ti máa gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ò fẹ́ ẹ.

Ẹni tó bá ti jókòó níbi ìdána ní ilẹ̀ Yorùbá rí, tó ti rí ọkọ ìyàwó lórí ìdọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò nílò ògbufọ̀ níbi yẹn. Ọmọ tó mú mi wá ti ń sọ ọ̀rọ̀ sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ dá a dúró.

Àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ ni mo sanwó fún, ká sọ tòótọ́. Bàbá arúgbó kan jókòó ní ìlà iwájú mi lóun nìkan, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka àdúrà: gbogbo ọ̀rọ̀ inú fíìmù ló ń sọ tẹ̀ lé àwọn òṣèré. Àwọn ọmọléèwé méjìméjì wà ní igun òkùnkùn, àwọn yẹn ò wo fíìmù púpọ̀, Ọlọ́run á dárí jì wọ́n. Àwọn arìnrìn-àjò wà, báàgì láàárín ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ojú irin tàbí bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Shah Rukh Khan kọ́kọ́ yọ, wọ́n súfèé. Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ tó fi ń gbàdúrà pé bí ọmọ náà bá fẹ́ràn òun á bojú wẹ̀yìn, àwọn ará ìsàlẹ̀ ti ń kà á lóhùn rara ṣáájú rẹ̀: bojú wẹ̀yìn, bojú wẹ̀yìn. Ó bojú wẹ̀yìn. Ariwo sọ. Ẹ wò ó, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń bojú wẹ̀yìn lójoojúmọ́, wọ́n ṣì ń pariwo bí ẹni pé lónìí ó lè kọ̀.

Fíìmù Hindi kì í ṣàìní ìsinmi láàárín. Èyí gùn tó wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, nítorí náà ìsinmi náà kì í ṣe àrífín. A jẹ samosa, a mu tíì. Láti bálíkónì, n kò lè rí gbogbo ìsàlẹ̀, nítorí náà mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo ń ka orí wọn bí wọ́n ṣe ń jáde. Mo ka 140 kí ọkùnrin kan tó bi mí bóyá mo ń wá ẹnì kan, bí mo ṣe sọ iye nù nìyẹn. Ògbufọ̀ mi ń wò mí. Ó ní, "Àǹtí, kí lẹ ń kà?" Mo ní ọjà ni mò ń kà.

Ogóje ènìyàn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá ààbọ̀ òwúrọ̀, fún ọjà tí gbogbo ayé lè wò lórí fóònù. Ní Ìdúmọ̀tà, a kì í fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mọ fíìmù tó dára. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, póstà ló ń tà á, ojú òṣèré ló ń tà á. Ẹni tó wá láti Òṣogbo tàbí Ìlọrin lọ́sẹ̀ kẹta, tó ní kí a tún di páálí méjì sí i fún òun, ẹni yẹn ló máa sọ fún ọ pé fíìmù rẹ dára. Èmi ò mọ òṣùwọ̀n mìíràn tó tó bẹ́ẹ̀.

Òṣùwọ̀n yẹn làwọn ará Íńdíà fúnra wọn ń lò tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kà. Fíìmù tó bá lo ọ̀sẹ̀ 25 nílé sinimá kan, júbílì fàdákà; ọ̀sẹ̀ 50, júbílì wúrà. Òṣèré kan wà, Rajendra Kumar, tí fíìmù rẹ̀ máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ léraléra débi pé Júbílì Kumar ni wọ́n sọ ọ́. Kismet, tó jáde ní 1943, lo ọ̀sẹ̀ 187 ní ilé sinimá Roxy ní Calcutta. Sholay jáde ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ 1975. Ọjà rẹ̀ kọ́kọ́ tutù, àwọn kan ti ń sọ pé ó ti kú, ẹnu àwọn tó wò ó ló jí i, ó sì lo ju ọdún márùn-ún lọ ní ilé sinimá Minerva, ní Mumbai yìí kan náà. Títí di òní, àwọn tó ń ka orí ènìyàn dípò owó kì í yọ Sholay kúrò níwájú.

Ìdí tí ọ̀sẹ̀ fi ń gùn kì í ṣe pé àwọn ènìyàn ìgbà yẹn ní sùúrù jù wá lọ. Róòlù fíìmù wọ́n, ẹ̀dà díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀, àwọn ìlú ńlá á kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tẹ́rùn kí róòlù tó gbó yẹn tó dé ìlú kékeré. Ẹni tí kò bá rí àyè lọ́sẹ̀ yìí, á lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lóde òní kọ̀ǹpútà ló ń gbé fíìmù. Ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo, ó ti wà lójú àwòrán ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti mọ̀ bóyá ó yè tàbí ó kú, ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n ti ká a nílẹ̀. Ilé sinimá olójú àwòrán púpọ̀ ti kọ́kọ́ yọ ní Delhi ní 1997, ó sì wá ràn dé gbogbo mọ́ọ̀lù. Bí àga ṣe ń rọ̀ sí i ni tíkẹ́ẹ̀tì ń wọ́n sí i.

Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n ti yí padà di crore. Ẹ fetí sílẹ̀ níbi yìí, torí ó dùn mọ́ mi. Àwọn ará Íńdíà kì í sọ mílíọ̀nù. Ọ̀kẹ́ márùn-ún ni lakh kan, ìyẹn 100,000. Ọgọ́rùn-ún lakh ló ń jẹ́ crore kan, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́wàá. Tí a bá fẹ́ kà á bí àwọn baba wa, crore kan jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀kẹ́. Àpò owó ẹyọ ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ nínú owó ẹyọ tí wọ́n sì ná ní ọjà Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú, erékùṣù Maldives ló ti wá, ní òkun Íńdíà, ìhà ibi tí mo ti ń jẹ samosa. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìṣírò wọn kò fi ṣòro fún mi.

Ní 2008, Ghajini, fíìmù òṣèré Aamir Khan, kọjá 100 crore rúpì, owó wọn, nínú Íńdíà lẹ́yìn owó orí. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, 3 Idiots kọjá 200. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ "ẹgbẹ́ ọgọ́rùn-ún crore" bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oyè. Ní 2023, Shah Rukh Khan, ẹni ọdún 57, gbé Pathaan àti Jawan jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì kọjá 1,000 crore kárí ayé. DDLJ tí òun kan náà ṣe nígbà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, nǹkan bíi 4 crore ni wọ́n fi ṣe é. Aditya Chopra tó darí rẹ̀ kò tíì pé ọdún 25 nígbà náà, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni.

Ṣé a wá lè sọ pé Jawan ju Mughal-e-Azam lọ? Ìgbà tí erin gbé Mughal-e-Azam wá, bíi rúpì kan ààbọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi iye rúpì wọn méjèèjì wéra dà bí ẹni tó ní iṣu ọdún yìí tóbi ju ti ọdún 1960 torí pé owó rẹ̀ ga jù ú lọ.

Ìṣírò owó náà sì ní ìbòjú. "Gross" ni gbogbo owó tí èèyàn san níbi fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì. Ìjọba á yọ tirẹ̀, 12% lára tíkẹ́ẹ̀tì tí kò bá ju 100 rúpì lọ, 18% lára èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo wà níbẹ̀. Èyí tó bá kù ni "net". Onílé sinimá á tún mú tirẹ̀ nínú ìyẹn, ó máa ń súnmọ́ ìdajì, kí owó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni fíìmù. Ẹni tó bá fẹ́ kí fíìmù rẹ̀ ga á pariwo gross kárí ayé, ẹni tó bá ń bá a jà á dákẹ́, á fi net hàn yín. Kò sì sí ilé iṣẹ́ ìjọba kan tó ń ka gbogbo rẹ̀ jọ, àwọn oníròyìn ọjà fíìmù ló ń díwọ̀n. Èmi tí mo ti jókòó níbi tí mákẹ́tà ti ń sọ fún olùgbéjáde pé ẹgbàárùn-ún ẹ̀dà ló tà, tó sì lọ ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi ọtí pé ọ̀kẹ́ méjì ni, ẹ ò lè tan mí jẹ. Iye tí kò sẹ́ni tó bá ọ kà á, ọ̀rọ̀ ẹnu ni.

Àwọn ará Soviet nìkan ni mo fọwọ́ sí ìṣirò wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kà. Awaara, fíìmù Raj Kapoor ti 1951, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1954, nǹkan bíi mílíọ̀nù 64 ènìyàn ló wò ó. Ṣáínà náà dá mi lójú díẹ̀: Dangal, ìtàn bàbá tó kọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìjàkadì, rí owó níbẹ̀ ní 2017 ju èyí tó rí nílé ara rẹ̀ lọ.

Kí ẹ má bàa rò pé ojúsàájú ni mò ń ṣe, mo lọ sí mọ́ọ̀lù pẹ̀lú, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Pushpa 2 ni mo lọ wò, òun ló ń jà ràn-ìn ní gbogbo ìlú lóṣù náà. Tíkẹ́ẹ̀tì 520 rúpì. Àga ń nà sẹ́yìn bíi ti bàbá ìyàwó. Gúgúrú, bẹ́ẹ̀ ni, gúgúrú lásán, pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ó ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Mo bi ọmọ tó ń tà á bóyá ó ṣì í, ó fi bọ́tìnnì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, iye kan náà ló jáde. Amúlétutù wọn mú mi dé egungun. Nígbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti gba tíkẹ́ẹ̀tì náà fún mi, tí wọ́n sì tún yọ "owó ìrọ̀rùn" lórí rẹ̀. Ìrọ̀rùn ta ni?

Ṣùgbọ́n fíìmù náà fúnra rẹ̀ sọ nǹkan kan fún mi. Kì í ṣe èdè Hindi ni wọ́n fi ṣe é. Èdè Telugu ni, ní gúúsù, lọ́dọ̀ àwọn ará Hyderabad, wọ́n kàn fi ohùn Hindi bò ó. Ohùn Hindi yẹn ló sì pawó jù, ó kọjá 700 crore, ó fi ìyẹn ju gbogbo fíìmù tí àwọn ará Mumbai fúnra wọn ti fi Hindi ṣe títí di ìgbà náà lọ. Baahubali 2 ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ fún wọn ní 2017. Àwọn onífíìmù Mumbai ń ṣe fíìmù fún àwọn tó lè san 520 rúpì, nípa àwọn tó lè san 520 rúpì. Àwọn ará gúúsù rántí ẹni tó ń súfèé ní ìlà iwájú. Èrò tèmi nìyẹn. Ògbufọ̀ mi ní àṣejù ni mo sọ, pé àwọn fíìmù Hindi dáadáa ṣì wà. Mo ní kó fi wọ́n hàn mí, ó ní ó wà lórí Netflix. Ẹ̀rín pa mí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Maratha Mandir, kí n parí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 2014 ni fíìmù náà pé ẹgbẹ̀rún ọ̀sẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ dá a dúró. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ pariwo, wọ́n dá a padà. Àrùn Kòrónà ló tún tì í fún oṣù mélòó kan ní 2020 àti 2021. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àràárọ̀ ni. Fíìmù tuntun ló ń gba àwọn àkókò yòókù lójúmọ́, àwọn ló ń pawó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé tíkẹ́ẹ̀tì tí kò tó dọ́là kan ló ń san owó iná ilé ńlá bẹ́ẹ̀. Mo mọ irú ọjà yẹn. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní Ìdúmọ̀tà tó máa ń gbé káséètì àtijọ́ kan sí iwájú igbá, kò lérè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró wò ó, kì í lọ lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ níparí, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú Raj, tí Simran ń bẹ bàbá rẹ̀, tí bàbá náà wá tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pé kó máa lọ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ dìde. Bàbá arúgbó iwájú mi kò dìde. Ó nu ojú rẹ̀, ó ká aṣọ ìnujú rẹ̀ sí mẹ́rin, ó fi sí àpò, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó mọ bọ́ọ̀sì tó máa wọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kí n fún wọn ní máàkù, mẹ́rin ààbọ̀ nínú márùn-ún. Ààbọ̀ tó kù wà lọ́wọ́ èmi tí n kò gbọ́ Hindi.

Mo padà sí ilé ìwòsàn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bọ̀dá mi láti orí ẹyẹlé dé orí ọkọ̀ ojú irin. Kò bi mí ní orúkọ òṣèré kankan. Ó ní, "Ènìyàn mélòó ló wà níbẹ̀?" Mo ní mo ka ogóje kí wọ́n tó dà mí láàmú. Ó ní, "Wọ́n sunkún?" Mo ní wọ́n sunkún. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?" Mo ní oorun ń kùn mí ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta, dókítà ní ó lè jáde díẹ̀ lórí ọ̀pá ìrìn onígun mẹ́rin. Ọkọ̀ tasín gbé wa dé ẹnu ọ̀nà Maratha Mandir ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti pinnu pé ìsàlẹ̀ la máa jókòó, torí àtẹ̀gùn bálíkónì, àti pé nígbà ìsinmi la máa kúrò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa wú. Ó ní òun ò gbọ́ ti ìsinmi. Mo ṣí pọ́ọ̀sì mi níwájú fèrèsé. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ọwọ́ mi sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ń fi èkejì túlẹ̀ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ń wá owó fún ènìyàn méjì.